Ẹsẹ̀ Màmá La Fẹ́ Wọ̀n, Kì Í Ṣe Iyè Rẹ̀

Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn onífisiotẹ́rápì fi ń mọ bí ara àgbàlagbà ṣe le tó. Wọ́n á ní kó jókòó sórí àga, kó dìde, kó rin mítà 3, kó yípo, kó padà wá jókòó. Aago ni wọ́n fi ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà á. Podsiadlo àti Richardson ló gbé e jáde ní Kánádà lọ́dún 1991. Àga àti aago nìkan ló ń ná ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ àwọn ilé ìwòsàn tiwa gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé là ń yẹ̀ wò, ọwọ́ ẹ̀sọ̀ la gbọ́dọ̀ fi mú un.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Nọ́ọ̀sì á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: “Màmá, ẹ dìde, ẹ rìn dé ìdí ìlà yẹn, ẹ yípo, ẹ padà wá jókòó.” Màmá dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ó rìn dé ìdí ìlà, ó dúró. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó bèèrè bóyá àbúrò òun ti ti ọjà dé. Aago ò dúró dè é. Wọ́n kọ 40 sílẹ̀, ẹni tó bá sì ka fáìlì yẹn á ní ẹsẹ̀ màmá ti rọ. Irọ́ ni! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n rán an lẹ́ẹ̀kan náà ló bọ́ sọnù lọ́kàn rẹ̀.

Kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kọ́kọ́ ṣe é kí màmá fojú rí i. Kó máa sọ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀, kó má ṣe ṣáájú, torí bó bá ṣáájú, ìrìn tirẹ̀ ni màmá á máa bá a rìn. Bó bá tó àtijókòó, kó fọwọ́ gbá àga pẹ́pẹ́. Kó wá kọ gbogbo ìrànwọ́ tó ṣe sílẹ̀, nítorí iye tí a rí lọ́jọ́ tí a ràn án lọ́wọ́ kò ṣeé fi wé ti ọjọ́ tí a kàn ń wò ó.

Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí ìwádìí àrùn ìgbàgbé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, n’Íbàdàn, ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ ni kò kàwé, ìdánwò tó ní kí wọ́n ya àwòrán sì ń sọ wọ́n di ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Báíyéwù àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wọn ní igi ìṣáná kí wọ́n fi to àwòrán náà. Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọpọlọ nígbà náà ni mo fẹ́ ká ṣe fún ẹsẹ̀.

Ká lè mọ̀ bóyá eré ìdárayá ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ la ṣe ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò ní tan ẹnikẹ́ni pé eré ìdárayá á dá iyè padà. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, kó ènìyàn 494 jọ. Fún oṣù 4 ni àwọn kan nínú wọn fi ṣe ìdárayá tó gba agbára. Ara wọn le sí i, ìgbàgbé wọn ò dín kù, ìṣubú náà ò dín kù. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní kí àwọn arúgbó kúkú jókòó sílé. Èmi ò gbà. Ohun tí a ń retí ló yẹ ká tún tò. Bàbá tó ti gbàgbé orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ṣì lè forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Ṣé ó lè dá dìde lórí ẹní? Ṣé màmá lè kúrò lórí àpótí láìjẹ́ pé ọmọ fà á lọ́wọ́? Èyí ni kí ìdárayá dojú kọ, òun náà ni ká sì máa wọ̀n.

Ká má sì kánjú ka iye. Ara ẹni tó ní àrùn yìí kì í rí bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìwádìí Ries àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2009 fi hàn pé bí ìyàtọ̀ nínú àyẹ̀wò mítà 3 yẹn kò bá ju bí ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara ló yí padà. Nítorí náà, àga kan náà, bàtà kan náà, àkókò kan náà, àti ẹni tí màmá mọ̀ lójú bó bá ṣeé ṣe. Bí oṣù 6 bá sì kọjá tí iye náà ṣì dúró síbi tó wà, kí dókítà má ṣe sọ fún ọmọ tó ń wọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nínú àrùn tó ń fa ènìyàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò tíì rẹ̀yìn, kó sì dá ọjọ́ mìíràn fún wọn.