Ẹ Má Fi Wá Ṣe Ọmọ Olówó Nílé

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi.

Gbogbo wa la mọ Vicarage Field, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking. Pápá bọ́ọ̀lù ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barking fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kó tó wá di ilé ìtajà. Ibẹ̀ lèmi àti mọ́mì mi máa ń gbà kọjá lẹ́yìn kíláàsì Yorùbá. Lọ́dún tó kọjá, kí a tó lọ sí Nàìjíríà, mo ya fọ́tò kan níbẹ̀. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to ẹ̀gbà ọrùn wúrà sí, mo wọ bàtà tuntun, mo sì na ìka méjì sókè. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mọ́mì. N kò ra nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn o. Bàtà yẹn gan-an, mọ́mì ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí bùrọ̀dá mi ń gbé, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa wúrà. Abúlé màmá àgbà wa kò jìnnà sí Itagunmodi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti Iléṣà, ọ̀kadà la gùn wọlé. Oko kòkó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà tí mọ́mì wà lọ́mọdé. Ní báyìí, kòtò wà láàárín kòkó, tapólì àwọn awakùsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, àwọn mìíràn nínú wọn sì wá láti òkè Ọya. Odò tí mọ́mì ń pọn nígbà náà ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Odò Ọ̀ṣun alára kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwakùsà ti sọ omi rẹ̀ di rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ odò yìí ló ṣàn gba inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 2005.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọba ni mí. Wọ́n pa adìẹ, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó wà nílé fún mi, àwọn ọmọ kéékèèké ń bá mi gbé omi ìwẹ̀. "Ọmọ olówó ti dé!" Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó, kí n máa ráhùn pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Nígbà tí wọ́n bi mọ́mì ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní London, ó ní "iṣẹ́ ìlera ni," ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Kò sọ pé òru ni òun ń ṣe é, pé àwọn arúgbó lòun ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀yìn á máa ro òun.

Màmá àgbà ló sọ mí kalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé mi lọ́wọ́. "Àlejò kì í pẹ́ tó báyìí. Tètè lọ, kí èrò má baà pọ̀." Mo da omi sára títí mo fi délé, àwọn ọmọ tó ń bá mi gbé omi tẹ́lẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti mọ ìgbà tí èèyàn ń jí lọ sídìí omi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì ti gbàgbé láti pè mí ní ọmọ olówó. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún mi. Bùrọ̀dá mi kò lọ sílé ìwé mọ́.

Ó mú mi lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ sórí pákó gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì sí, wọ́n á sì máa da omi lé e. Omi á gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ, wúrà á jókòó sínú rọ́ọ̀gì nítorí pé ó wúwo. Oṣù òjò ni o, ẹnu kòtò ń ya lulẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wò ó. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ń kó owó ọkọ̀ òfuurufú jọ. Ó wá fi fọ́tò mi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. "Ibi tí o dúró sí yìí ni mò ń lọ."

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ. Kòtò Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀ sí tibẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò ni kòtò. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń wa wúrà ní Sẹ̀gilọlá, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà, láti 2021. Ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà níbẹ̀, ṣebí ìwé ló máa kọ́kọ́ kà?

Mọ́mì ní tí òun bá sọ pé òun kò ní, wọ́n á ní ahun ni òun. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ẹ wo àwọn Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri: òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ iṣẹ́ náà ti sọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó kí wọ́n tó rí owó gbà. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe níbí kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ̀ ń ṣe. Ẹ sọ owó ilé. Tí ẹ bá sì mú wa lọlé, ẹ má jẹ́ ká dúró ní òtẹ́ẹ̀lì Èkó. Ẹ fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ màmá àgbà títí adìẹ pípa á fi tán.

Èmi náà jẹ̀bi, torí èmi ni mo ya fọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ mọ́mì, mo sì ya òmíràn: mọ́mì nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó sùn lórí àga láàárọ̀, kò tíì bọ́ bàtà. Mo fi ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Àǹtí mi nìyẹn? London náà nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.