Ta Ni Ó Ni Àṣẹ? Òfin Ìpìlẹ̀ Ìjọba, Láti Philadelphia Dé Ìbà

Bí òjò bá rọ̀ tán ní Ìyànà-Ìbà, tí omi gba ojú ọ̀nà, tí àwọn èrò ń ká ṣòkòtò sókè kí wọ́n tó lè kọjá, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu wọn: ìjọba wo ni ó yẹ kí ó tún ibí yìí ṣe? Ẹnì kan yóò ní Àbújá ni, nítorí pé ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Badagry. Ẹlòmíràn yóò ní Alausa ni, nítorí pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà náà lójú ní ọdún 2009. Ẹnì kẹta yóò dárúkọ káńsù Ọ̀jọ́, ẹnì kẹrin yóò ní káńsù Ìbà ni. Ọkọ̀ yóò dé, oníkálukú yóò wọlé, ìbéèrè náà yóò sì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí òfin ìpìlẹ̀ ìjọba wà fún: ta ni ó ni àṣẹ, ibo ni àṣẹ rẹ̀ parí sí, ta ni yóò sì dí i lọ́nà bí ó bá kọjá ààlà? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomáíkò ni ó lè ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti jẹ gómìnà ní Èkó láìṣì í kà, ṣùgbọ́n tí kò ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí wò rí. Wọ́n rò pé ìwé àwọn lọ́yà ni. Àwọn mìíràn sì rò pé kò kan Mùsùlùmí, bí ẹni pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Mọ̀dínà lẹ́yìn Hijrah ní ọdún 622, nínú èyí tí a ti to ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn Mùsùlùmí àti ti àwọn Júù ìlú náà lẹ́sẹẹsẹ. Kí ẹni tí ó ń gbé ní Ìbà tó sọ pé ìwé òfin kò kan òun, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìwé náà ti ṣe sí ìlú rẹ̀.

Irú ìjọba tí Nàìjíríà ń ṣe lónìí, èyí tí ó ní Ààrẹ, Sẹ́nétọ̀ àti gómìnà, Amẹ́ríkà ni a ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ní ọdún 1776 ni àwọn ìpínlẹ̀ 13 tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn kò sìn ín mọ́. Nítorí pé ojú wọn ti rí màbo lọ́wọ́ ọba, àdéhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi so ara wọn pọ̀ ní ọdún 1781 kò fún àárín gbùngbùn lágbára kankan tí ó ní láárí. Ìjọba àpapọ̀ wọn kò lè gba owó orí. Ó jẹ gbèsè ogun, kò rí i san. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Massachusetts gbé ohun ìjà ní ọdún 1786 nítorí gbèsè àti owó orí, pẹ̀lú Daniel Shays gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú wọn, ìjọba àpapọ̀ kò ní ọmọ ogun tí yóò rán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1787, àwọn ọkùnrin 55 bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní ìlú Philadelphia, George Washington sì ni alága wọn. Ìpínlẹ̀ Rhode Island kò rán ẹnikẹ́ni wá. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, àwọn 39 fi ọwọ́ sí ìwé òfin tí kò ju orí 7 lọ.

Ìṣòro tí wọ́n bá wọ ìpàdé kò rọrùn. Wọ́n fẹ́ ìjọba tí ó lágbára tó láti ṣiṣẹ́, wọn kò sì fẹ́ ọba mìíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí a má ṣe fi agbára sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Àwọn aṣòfin ni ó ń ṣe òfin, àwọn ni ó sì ń di àpò owó mú. Ààrẹ ni ó ń mú òfin ṣẹ. Àwọn adájọ́ ni ó ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì tún so wọ́n mọ́ ara wọn: Ààrẹ lè kọ òfin tí àwọn aṣòfin ṣe, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn bá takú, òfin náà yóò dúró. Ààrẹ ni ó ń yan adájọ́, àwọn Sẹ́nétọ̀ ni yóò gbà á wọlé. Àwọn aṣòfin sì lè yọ Ààrẹ fúnra rẹ̀ nípò bí ó bá hùwà ọ̀daràn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún pín agbára láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀. Bí ènìyàn bá wo ètò yìí dáadáa, yóò rí i pé àwọn tí ó ṣe é kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, títí kan ara wọn.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ni aláṣẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ̀ ọ́, àwọn Ògbóni sì wà tí wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ará Philadelphia kọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí àwọn aṣojú tí ará ìlú yàn fún iṣẹ́ náà gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọdún 1788 ni ìpínlẹ̀ kẹsàn-án gbà á, tí ó fi di òfin. Àwọn ènìyàn ṣì ń kùn pé ìwé náà sọ agbára ìjọba ṣùgbọ́n kò sọ ẹ̀tọ́ ará ìlú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àtúnṣe 10 kún un ní ọdún 1791, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ̀ fún ìjọba láti gbé ẹ̀sìn kan kalẹ̀ tàbí láti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀.

Ìwé náà ní àbùkù ńlá. Àwọn tí ó ń kígbe òmìnira ní Philadelphia ni ó fara mọ́ ọn pé kí á ka ẹrú 5 sí ènìyàn 3 nígbà tí a bá ń pín àyè aṣòfin, wọn kò sì jẹ́ kí á fi òfin dí òwò ẹrú láti òkè òkun lọ́wọ́ kí ó tó di ọdún 1808. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Okokomáíkò lọ dé Badagry, tí ó rí etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn baba ńlá wa sínú ọkọ̀, yóò mọ ohun tí gbólóhùn yìí dúró fún. Ogun abẹ́lé ni ó tó fi òpin sí oko ẹrú nínú òfin wọn ní ọdún 1865.

Nàìjíríà kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Ìjọba ti Gẹ̀ẹ́sì ni a bá wọ òmìnira. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962 fi hàn bí òfin ṣe rí bí kò bá sí ẹni tí ó bẹ̀rù rẹ̀. Gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn yọ Olóyè S. L. Akintola nípò olórí ìjọba, ó sì fi Alhaji Dauda Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní London nígbà náà, wọ́n sì dá Adegbenro láre ní ọdún 1963. Kí ni àwọn aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ṣe? Wọ́n tún òfin kọ, wọ́n sì mú kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ìdájọ́ náà lè di asán. Àwọn ológun tí ó dé lẹ́yìn wọn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Lakanmi ní ọdún 1970 pé ìjọba kò lè fi àṣẹ ṣe iṣẹ́ adájọ́, àṣẹ mìíràn ni wọ́n fi fagi lé ìdájọ́ náà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nínú ìrírí wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Rotimi Williams ṣe alága fún láti ọdún 1975 ti yan ètò ti Amẹ́ríkà, òun sì ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979. Òfin ti ọdún 1999 tí a ń lò lónìí tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré. Ìwé ti 1999 bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ènìyàn Nàìjíríà ni ó ṣe é, bẹ́ẹ̀ àṣẹ ìjọba ológun, èyí tí í ṣe Nọ́ńbà 24 ti ọdún 1999, ni ó bí i. Kò sí ìlú kan, ì báà ṣe Ọ̀jọ́ tàbí Ìbà, tí a bi léèrè bóyá ó gbà á. Síbẹ̀, ìwé tí a kò bi ènìyàn léèrè kí á tó kọ ọ́ lè gbà á sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ káńsù Ìbà ṣe fi hàn.

Ní ọdún 2002, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Láti inú Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti gé Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí, nítorí pé èrò pọ̀ ní agbègbè yìí: ọjà Alaba, bárékè ológun, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, gbogbo wọn wà lábẹ́ káńsù kan ṣoṣo. Wọ́n dìbò sí káńsù 57 náà ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ní oṣù kẹrin, Ààrẹ Olusegun Obasanjo pàṣẹ pé kí á má ṣe fún Èkó ní owó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́, nítorí pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò tí ì fi orúkọ àwọn káńsù tuntun náà sínú ìwé òfin. Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ìdájọ́ ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2004 ní apá méjì, àwọn olóṣèlú sì máa ń ka èyí tí ó bá wù wọ́n nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni pé Ààrẹ kò ní agbára kankan láti di owó náà mú. Òfin ni ó pín in, kì í ṣe Ààrẹ. Èkejì ni pé Èkó ní ẹ̀tọ́ láti dá káńsù sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tí ì parí, kò sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abala 8 ti wí. Ìjọba méjì ni ó kọjá àyè wọn, ilé ẹjọ́ sì sọ fún àwọn méjèèjì.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà ìjọba Richard Nixon, àwọn aṣòfin pín owó fún àwọn ìlú láti fi tọ́jú omi ìdọ̀tí wọn, ìjọba rẹ̀ sì di apá kan owó náà mú. Ìlú New York pẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sì dá a láre ní ọdún 1975. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ohun tí ó tẹ̀lé ìdájọ́ tiwa. Obasanjo kò tú gbogbo owó Èkó sílẹ̀ títí ó fi kúrò lórí oyè. Ní ọdún 2007, nígbà tí Umaru Musa Yar'Adua di Ààrẹ, ni ìyókù tó jáde. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún méjì àti ààbọ̀. Ta ni ó san gbèsè ìdúró yẹn? Àwọn olùkọ́ ni, àwọn tí ó ń gbá ọjà ni, àwọn aláboyún tí ó ń lọ sí ilé ìwòsàn káńsù ni.

Ìjọba Èkó náà kò lè fi ọwọ́ sọ àyà pé òun kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìdájọ́, ó pe àwọn 37 tuntun ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LCDA, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n ni, ó sì ti mú ilé iṣẹ́ káńsù súnmọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe fún ìgbà díẹ̀ ti lé ní 20 ọdún, àwọn aṣòfin tí Èkó ń rán lọ sí Àbújá sì ti wọlé, wọ́n ti jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan, láìparí iṣẹ́ tí abala 8 gbé lé wọn lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá ní òfin ìpìlẹ̀ kì í ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ yẹ kí ó rántí ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó ti pàdánù ẹjọ́ híjáàbù ní ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà ní ọdún 2014, wọ́n jàre ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọdún 2016. Ní ọjọ́ yìí ni adájọ́ 5 nínú 7 ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni, lábẹ́ abala 38. Kò sí ẹni tí ó dáná sun ọkọ̀. Ìwé ni wọ́n fi jà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ pé gómìnà kankan kò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, pé kí á máa san án tààrà fún káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, a dìbò sí káńsù 20 àti LCDA 37 ní Èkó, àwọn tí ó jáde kò sì pọ̀. Káńsù yìí ni Àfikún Kẹrin ìwé òfin gbé gọ́tà, pàǹtí, ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí lé lọ́wọ́. Ta ni yóò béèrè ìṣirò owó náà lọ́wọ́ alága? Àwọn tí ó jókòó sílé ní ọjọ́ ìdìbò ni yóò kọ́kọ́ ké pé òjò ti ba Ìyànà-Ìbà jẹ́.

Fún àwọn ará Ìbà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Káńsù 774 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé òfin, àwọn ni owó àpapọ̀ sì mọ̀. Owó tí yóò dé Ìbà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣí Àfikún Kìn-ín-ní, kí ó wá Èkó, yóò ka orúkọ 20. Yóò rí Mushin, yóò rí Ọ̀jọ́ tẹ̀lé e, yóò sì rí Oshodi-Isolo. Kò ní rí Ìbà.