Ta Ni Yóò Gba Ife Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù kẹfà bá ti sún mọ́ tòsí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń bi ara wọn: nínú ẹgbẹ́ méjì tí ó kù, èwo ni yóò gba ife? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Àkúrẹ́ ń bi ara wọn bákan náà, wọ́n ń fi ìgboyà ńlá dáhùn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi owó ti ìdáhùn wọn lẹ́yìn. Nítorí náà ni a fi rò pé ó tọ́ kí ìwé ìròhìn yìí sọ ti ẹnu rẹ̀ lórí ọ̀ràn àsọtẹ́lẹ̀ eré náà, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju eré lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún àwọn tí kò mọ bí nǹkan náà ti rí. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà lábẹ́ àjọ tí a mọ̀ sí NBA. Ní ọdún tí kò bá sí ìdíwọ́, eré 82 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe kí a tó yan àwọn tí yóò du ife. Àwọn wọ̀nyí yóò máa lé ara wọn jáde títí yóò fi ku ẹyọ kan ní ìlà-oòrùn àti ẹyọ kan ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn méjì náà ni yóò sì wàákò ní ìdíje àṣekágbá. Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ni a fi ń mọ ẹni tí ó borí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní àṣekágbá ife àgbáyé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú eré méje ni ife wà fún. Bí ọ̀ràn bá sì di ti eré keje, ilé ẹgbẹ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dára jù lọ láàrin àwọn méjèèjì ni wọn yóò ti ṣe é.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròhìn yìí yóò rí i pé ìṣirò wà nínú ètò náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá lágbára ju èkejì lọ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa borí rẹ̀ nínú eré 6 nínú 10, ẹni tí ó bá sọ pé òun ni yóò borí ní eré kan ṣoṣo yóò jàre nígbà 60 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé eré méje ni, tí a ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, 60 náà yóò di nǹkan bíi 71. Gígùn ìdíje náà ń ran alágbára lọ́wọ́, ó sì ń dín agbára oríire kù. Èyí ni ó fà á tí àwa kò fi lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń wí pé àsọtẹ́lẹ̀ kò wúlò rárá, pé bí Ọlọ́run bá ti fẹ́ ni yóò rí. Ẹni tí ó ní ìmọ̀, tí ó sì farabalẹ̀, lè mọ ibi tí ọ̀ràn ń tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kù: 29 nínú 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá tí alágbára yóò ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í léèdì. Ibi tí àwọn alásọtẹ́lẹ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n ń gbé 71, wọ́n sì ń pè é ní 100.

Ìtàn ìdíje yìí kún fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ Los Angeles Lakers ní Wilt Chamberlain, Jerry West àti Elgin Baylor, akọni mẹ́ta tí orúkọ wọn nìkan tó láti da jìnnìjìnnì bo ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ Boston Celtics tí wọ́n jọ pàdé kò ju ipò kẹrin lọ ní ìlà-oòrùn, Bill Russell tí ó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì ti ń darúgbó nínú eré. Lakers borí ní eré méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí ó wá di mẹ́ta sí mẹ́ta, tí eré keje yóò sì wáyé ní ilé Lakers ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, Jack Kent Cooke tí ó ni ẹgbẹ́ náà mú kí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrè onírọ́bà, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún, sí àjà ilé eré, kí a lè tú wọn sílẹ̀ nígbà tí Lakers bá gba ife. Wọ́n tilẹ̀ tẹ ìwé tí ó ṣe àlàyé bí ayẹyẹ náà yóò ti lọ. Àwọn Celtics gbọ́ nípa ìwé náà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí fèrè. Ayò 108 sí 106 ni Boston fi borí. Jerry West tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó pàdánù ni a fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní àṣekágbá náà, ọdún yẹn gan-an sì ni a kọ́kọ́ dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀. Fèrè wà ní àjà.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó fara sin ju èyí lọ, nítorí pé ó máa ń gbé ìwé ìtàn lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ Golden State Warriors borí nínú eré 73 nínú 82, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́ta sí ọ̀kan ṣíwájú Cleveland Cavaliers ní àṣekágbá, àwọn amòye ṣí ìwé, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ́ 32 ni ó ti bá ara wọn nínú irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀ ní àṣekágbá, tí ẹyọ kan kò sì jáde nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí yàtọ̀ sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ní àǹfààní kan nínú mẹ́jọ. Bí èkejì bá sì lè borí rẹ̀ nínú eré 6 nínú 10, àǹfààní náà dín sí nǹkan bíi 6 nínú 100. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè kùnà ní ẹ̀ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n kí ó sì ṣẹlẹ̀ ní ìkẹtàlélọ́gbọ̀n. Àwọn àgbà wa ti wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Wọ́n dá Draymond Green ti Warriors dúró, kò ṣe eré karùn-ún. Nínú eré náà gan-an ni Andrew Bogut ti fi orúnkún pa. LeBron James àti Kyrie Irving sì gba ayò 41 kọ̀ọ̀kan sí àpẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ tí a kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kọ́ ni ó wà lórí pápá mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, ní ilé Warriors fúnra wọn, Cleveland borí ní eré keje pẹ̀lú ayò 93 sí 89.

Ọ̀rọ̀ nípa ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa, Hakeem Olajuwon, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963. Ní Muslim Teachers' College, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àti iṣẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n, ó sì ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1994, òun àti Houston Rockets borí New York Knicks ní eré keje. Ṣùgbọ́n ní 1995, eré 47 péré ni Rockets ti borí nínú 82, ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ìwọ̀-oòrùn, kò sì sí ẹgbẹ́ ipò kẹfà kankan tí ó ti gba ife rí. Utah ti borí ní eré 60. Rockets lé wọn jáde. Phoenix ti borí ní 59, wọ́n sì fi mẹ́ta sí ọ̀kan ṣíwájú. Rockets lé àwọn náà jáde. San Antonio ti borí ní 62, David Robinson tiwọn ni a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ lọ́dún náà; Hakeem kò jẹ́ kí adé náà dùn lórí rẹ̀. Ní àṣekágbá, Rockets borí Orlando Magic ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra.

Ṣé iṣẹ́ ìyanu ni? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà ni Clyde Drexler, ọ̀rẹ́ Hakeem láti yunifásítì Houston, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà ẹni tí ń ka 47 ń ka ẹgbẹ́ kan tí kò sí mọ́. Detroit Pistons ṣe bákan náà ní 2004, nígbà tí Rasheed Wallace dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù kejì, tí wọ́n sì fi mẹ́rin sí ọ̀kan borí Lakers tí ó ní O'Neal, Bryant, Malone àti Payton. A kò sì gbọdọ̀ fi oríire pamọ́: ní eré kìíní ti 1995, Orlando fi ayò mẹ́ta ṣíwájú nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a fún Nick Anderson láàyè ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ju bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́, kò sì sí ẹyọ kan tí ó wọlé.

Àwọn kan yóò wí pé alágbára náà ń borí. Òtítọ́ ni. Ní 2025, Oklahoma City Thunder tí ó ti borí ní eré 68 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé yóò gba ife, ó sì gbà á. Àwọn tí ó ní Indiana Pacers kò ní lè mí ṣe ìdùnnú pé àsọtẹ́lẹ̀ àwọn ṣẹ. Ṣùgbọ́n Indiana ni ó borí ní eré kìíní, 111 sí 110, wọ́n sì fa ọ̀ràn náà dé eré keje, níbi tí iṣan gìgísẹ̀ Tyrese Haliburton, òpó ẹgbẹ́ wọn, ti já kí apá kìíní eré tó parí. 103 sí 91 ni Thunder fi borí. Orúkọ tí àwọn alásọtẹ́lẹ̀ náà dá tọ̀nà; ìdí tí wọ́n sọ kò tọ̀nà rárá, ó sì yẹ kí a máa ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní ṣe àjèjì sí èyí. A kò tíì rí ìbò kan tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní ẹni tí ń búra pé gbogbo ìlú wà lẹ́yìn tiwọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí ó wọ aṣọ ìmọ̀ fún ìfẹ́ náà kí ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Lónìí, títà ni wọ́n ń tà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbọ́ tí oníròhìn eré kan pariwo pé dájúdájú ni, ni ó ń gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí ilé tẹ́tẹ́. Ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ kì í sì sọ pé ohun kan dájú. Bí ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba gan-an, ẹni tí ó fi 100 náírà lé ọ̀kan nínú wọn yẹ kí ó gba 200 nígbà tí ó bá jẹ, ṣùgbọ́n iye tí wọn yóò san kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti yọ èrè tiwọn. Nítorí náà, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ti ilé tẹ́tẹ́ dọ́gba, òfò ni yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Àwa ń fẹ́ kí àwọn oníròhìn eré wa, ní rédíò àti nínú ìwé, máa sọ iye tí ó wà lọ́kàn wọn nínú 100 àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì máa tẹ àkọsílẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ wọn ti àtẹ̀yìnwá síta. Ní ti àwọn olùkọ́, ìdíje ife náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ 16, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìdíje eré méje 15 ni yóò wáyé títí dé àṣekágbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹgbẹ́ tí ó yàn àti iye rẹ̀ nínú 100 kí eré kìíní tó bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ kó àwọn ìwé náà sínú àpótí, kí wọ́n sì jọ ṣí i ní òpin oṣù kẹfà láti wò ó bóyá nínú mẹ́wàá tí ọmọ kan kọ 70 sí, nǹkan bíi méje ni ó ṣẹ. Ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsùlù tó fún un.