Ẹ ka ìwádìí náà fún wa ní Nàgó

Ẹ̀yin ará, ó ti lé ní ọdún 30 tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ònígbòló. Ìjọba ń ṣe ìwádìí ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa, ó dáa. Èyí tó sọ bí wọn yóò ṣe dí kòtò náà kí àgbàdo tún lè hù níbẹ̀ dà? Faransé ni òfin ìwakùsà. Èmi tí mo fi Faransé kàwé, ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó kà á tán, mélòómélòó ni bàbá àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀!

Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 362 ló kú níbi ìwakùsà èédú ní Monongah lọ́dún 1907, kí ìjọba tó dá ilé iṣẹ́ ìwádìí Bureau of Mines sílẹ̀ ní 1910. Ṣé òkú làwa náà ń dúró dè ni? Ẹ bi àwọn depítè yín.