Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀kúyá Tanná

Ẹni tó gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé ní Jíbówú, ní ìlú Èkó, tó rí i pé ó ń tanná lójoojúmọ́ àmọ́ tí kò so, kó má tíì sọ pé aráyé ló ń ṣe òun. Òdòdó akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀ ni elégédé ń yọ. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lára akọ wúwo, ó sì ń lẹ̀; afẹ́fẹ́ kò lè gbé e dé ara abo. Oyin ló ń gbé e. A wá fi símẹ́ńtì àti intalọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá láti gáréèjì títí dé Fádèyí, kí ni oyin fẹ́ wá jẹ lọ́dọ̀ wa?

Ẹ gbin ẹ̀kúyá fún un. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, a sì mọ̀ ọ́n lọ́bẹ̀ dáadáa, àmọ́ a kì í jẹ́ kó tanná: bó bá ti fẹ́ yọ òdòdó la ti ń já orí rẹ̀ kí ewé lè pọ̀. Ìyẹn dára fún ìkòkò. Ẹ ṣáà fi ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀. Òdòdó funfun ló ń yọ, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gùn jáde láàárín rẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, àfòpiná a bẹ̀ ẹ́ wò lóru, oyin a sì dé láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Bùkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti ṣófo tó láti gbìn ín sí, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ má bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gáréèjì sí i. Ó ti mu ọ́ìlì mọ́tò yó. Ilẹ̀dú ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Kóró tuntun kì í tètè hù, ó fẹ́ sinmi fún oṣù mélòó kan ná, torí náà èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹ fọ́n ọn nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí yẹ̀pẹ̀ tó máa bò ó má nípọn, kó sì wà níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Ìbẹ̀rù oyin ńkọ́? Oyin tó ń jẹun lórí òdòdó kì í wá ìjà àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí gbá a mú. Nídìí ilé rẹ̀ ló ti ń jà. Àmọ́ bí ara ẹnì kan nínú ilé bá máa ń wú gidi nígbà tí oyin bá ta á, ẹ gbé bùkẹ́ẹ̀tì náà jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

Sniper, oògùn apakòkòrò yẹn, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Láti 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré lọ́jà. Bí ó bá ṣì wà nílé yín, kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀kúyá: ó ń pa oyin bó ṣe ń pa ẹ̀fọn, ewé yẹn lẹ ó sì tún jẹ. Omi ọṣẹ tó ṣàn dáadáa tó láti fọ kòkòrò wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Bó bá so tán, ó kú nìyẹn. Ẹ ká èso rẹ̀ nígbà tó bá ń pọ́n, kó tó là dànù, kẹ́ ẹ sì gbé kóró náà lọ sí ìpàdé lándílọ́ọ̀dù. Èyí tí ìdí kan ṣoṣo bá so á kárí àdúgbò.