Òwúrọ̀ Lọjọ́: Ebi Àárọ̀ àti Okun Ara Àwọn Ọ̀dọ́langba ní Mowe, Ibafo àti Ifo

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí ní Mowe àti Ibafo ti ń wà lójú ọ̀nà. Èkó ni iṣẹ́ wà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé wà, nítorí pé owó ilé àti owó ilẹ̀ ibẹ̀ rọjú ju ti Èkó lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn dá òun dúró ní láti jáde ní ìdájí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ará Ifo tí wọ́n ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Èkó. Ta ló wá kù nílé tí yóò po ògì fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń múra ilé-ìwé?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, owó ló ń dúró bí oúnjẹ. Òbí á fi owó sórí tábìlì, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ mìíràn á fi ra bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, òmíràn á tọ́jú rẹ̀ láti fi ra dátà. Àwọn kan wà tí kò sí owó kankan lórí tábìlì wọn. Gbogbo wọn ni yóò jọ dúró lórí ìlà ní ilé-ìwé, tí oòrùn yóò sì máa pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ikùn lásán lọ. Ọmọ tó jẹun alẹ́ ní agogo mẹ́jọ, tí kò sì fẹnu kan nǹkan kan títí di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ti gbààwẹ̀ wákàtí mẹ́rìnlá. Ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú ṣúgà tí ara ń lò nígbà tí èèyàn bá ń sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti tán. Ọpọlọ nìkan sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Ọ̀dọ́langba tún wà ní ìgbà tí egungun ń gùn, tí iṣan ń le, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù tún nílò oúnjẹ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, bí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹran. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè sáré kó pẹ́ bí inú rẹ̀ bá ṣófo. Olùkọ́ tó bá rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí pápá lè pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ebi ni.

Ẹ̀rí wà níta. Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí ní Jàmáíkà tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé ìgbèríko mẹ́rìndínlógún jáde. Wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní oúnjẹ àárọ̀ fún ọdún kan, wọn kò sì fún àwọn yòókù. Àwọn tó jẹun ga sí i díẹ̀, wọ́n sanra sí i díẹ̀, wọ́n sì ń wá sí ilé-ìwé déédéé jù. Èrè náà kò pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èrè ni.

Nàìjíríà náà mọ èyí. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 wà fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò sí nínú rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ebi máa ń dágbére fún ọmọ ní ọjọ́ tó bá wọ kíláàsì kẹrin.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò jẹun kí wọ́n tó lọ sóko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣu wà lóko, iná sì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ á sun iṣu rẹ̀ jẹ nígbà tí ebi bá ń pa á. Ọmọ ilé-ìwé kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọjà ti wọ́n. Èyí náà kì í ṣe irọ́: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye owó oúnjẹ fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún 2023 lọ. Síbẹ̀, owó tí ọmọ ń ná lórí bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lè ra àkàrà àti ẹ̀kọ nínú ọ̀pọ̀ ọjà.

Oúnjẹ nìkan kò sì lè sọ ara di alágbára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá tó tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Níbo ni wọn yóò ti ṣe é? Ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ ti di púlọ́ọ̀tì, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni sì wà nínú ilé gbígbé tí kò ní ju àgbàlá kékeré lọ.

Ohun tó yẹ kò ṣòro. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dàgbà tó láti lo fóònù dàgbà tó láti po ògì tàbí bọ ẹyin. Kí òbí kọ́ ọ, kí wọ́n sì se ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́. Kí ilé-ìwé fa àkókò ìsinmi sẹ́yìn sí agogo mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì jẹ́ kí alákàrà àti ẹlẹ́kọ rọ́pò oníbisikíìtì lẹ́nu géètì. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ifo dáàbò bo pápá ìṣeré tó ṣẹ́kù, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ronú nípa oúnjẹ fún ilé-ìwé girama kékeré.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìlú tó bá ń fẹ́ kí ìwé wọ orí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ikùn wọn.