Kí Ilẹ̀ Tó Mì Ni Dáàmù Ti Ń Wó

 

Bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń yá wa lẹ́nu: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún un, pàápàá tó bá kan dáàmù tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ láti sé odò.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú yín ń gbé, ìsẹ̀lẹ̀ mi àfonífojì San Fernando, nítòsí Los Angeles, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1971. Omi ni wọ́n fi gbé erùpẹ̀ tí wọ́n fi mọ dáàmù Lower San Fernando wá síbẹ̀, kò sì ki dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mì, iyanrìn tútù inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, orí dáàmù sì ya sínú omi. Erùpẹ̀ tó kù lókè omi kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Wọ́n kó nǹkan bí 80,000 ènìyàn kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi fa omi náà wálẹ̀. Ọpẹ́ ni pé omi kò kún dé ẹnu lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mọ dáàmù tuntun sí tòsí rẹ̀, wọ́n tẹ erùpẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele kó lè ki. Nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ Northridge dé ní 1994, ó kàn là díẹ̀díẹ̀ ni, kò wó. Àdúgbò kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè ní kò sí ìsẹ̀lẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ní Kwoi, tí kò jìnnà sí wa níbí, ní 2016, àti ní Mpape l'Ábújá ní 2018. Kò le púpọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òjò lásán tó ohun tó ń dán dáàmù tiwa wò. Ní oṣù Keje ọdún 2012, omi dáàmù Lamingo kún àkúnya ní Jos níbí, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau, tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, já, omi sì bo Maiduguri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Nínú òwe ilé méjì tí Jésù pa, ìjì kan náà ló kọlu méjèèjì. Ìpìlẹ̀ ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe ilé, ẹ béèrè: Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀ dáàmù ìlú wa? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Ṣé omi ń jò nídìí rẹ̀? Ṣé ọ̀nà tí àkúnya ń gbà jáde ṣí sílẹ̀? Ẹ bi àwọn aṣojú wa léèrè pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé owó àtúnṣe kì í ní òkúta ìpìlẹ̀ tí a ó kọ orúkọ wa sí. Síbẹ̀, ó lè gba odidi àdúgbò là.

Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà, ká sì máa yẹ ògiri wò.